Ọwọ́ Òfin àti Ọwọ́ Ìtọ́jú Lórí Oògùn Olóró

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Ìsìlámù, ohun tí ń gba làákàyè lọ́wọ́ ènìyàn, haraamu ni. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kí ni kí á wá ṣe fún ọmọ tí ó ti kó sínú rẹ̀?

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe fi hàn pé bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà ní ọdún 2017. Ẹ̀wọ̀n wo ni yóò gba gbogbo wọn? Ẹni tí ń tà á fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí NDLEA mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá rí i lò, aláìsàn ni. NDLEA pàápàá ní àwọn olùgbaninímọ̀ràn fún irú wọn.

Ẹ má sì fà á lé ẹni tí yóò dè é mọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù September 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó lé ní 300 sílẹ̀ ní Kaduna, nínú ilé kan tí ó pe ara rẹ̀ ní ilé-kéwú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Òbí ló sì mú àwọn mìíràn lọ síbẹ̀. Ó mà ṣe o, Kùránì ni wọ́n fi bojú!

Ilé ìwòsàn Àrò wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ mú un lọ kí ààwẹ̀ yìí tó parí, ẹ má sì jẹ́ kí ó dá lọ.