Mutiu Adépọ̀jù: Ọmọ Ìbàdàn tí ó fi bọ́ọ̀lù rìn káyé

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọmọ Yorùbá kan tí ó gbé orúkọ wa ga nílẹ̀ òkèèrè. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ì bá mú ọba tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi mú agbábọ́ọ̀lù. Kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá ọmọ yín fa ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ìwé lójoojúmọ́ má bínú sí mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Mutiu Adépọ̀jù ni orúkọ rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ní oṣù Kejìlá ọdún 1970. Àárín pápá ni ipò rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé orúkọ ẹni iwájú ni àwọn èrò máa ń pariwo, ẹni ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń bú bí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Ẹni àárín ni ó ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Yóò gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, yóò gbé e fún ẹni tí yóò gbá a wọlé, yóò sì tún sáré padà. Ní ti Mutiu, ẹ̀bùn mìíràn tún wà lára rẹ̀: bí bọ́ọ̀lù bá wà lókè, orí rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní "Headmaster", bí ẹni ń pe ọ̀gá ilé-ìwé, àmọ́ orí gan-an ni wọ́n ń sọ.

Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn àti Julius Berger ní Èkó. Ní 1989, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí wọ́n lọ sí Saudi Arébíà fún Ife Àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún. Ẹ̀yin àgbà rántí Dammam! Soviet gbá mẹ́rin wọlé, a kò ní ẹyọ kan. Kí eré tó parí, a ti dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, a sì fi pẹnárítì lé wọn lọ sílé. Potogí ni ó borí wa ní àṣekágbá, 2-0, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí àwọn ọmọ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Real Madrid mú Mutiu lọ sí Sípéènì.

Orúkọ Real Madrid tóbi, àbí? Ẹ gbọ́ ìyókù. Castilla ni wọ́n fi í sí, ìyẹn ẹgbẹ́ kejì wọn. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, òfin Sípéènì kò gbà kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kó ju ìwọ̀nba àlejò díẹ̀ lọ sórí pápá, àwọn gbajúmọ̀ bíi Hugo Sánchez ti Mẹ́síkò àti Hagi ti Romania ni wọ́n sì wà ní àyè náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí mọ bí èyí ṣe ń rí. A mọ ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà nílé, tí ó dé Decatur tí ó kọ́kọ́ ń ṣọ́ ọ́fíìsì olófìífo lóru.

Mutiu kò jókòó de àyè náà. Ní 1992 ó lọ sí Racing Santander, tí ó wà ní ìpele kejì nígbà náà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n gòkè sí ìpele kìn-ín-ní. Ní 1996 ó kọjá sí Real Sociedad ní ìlú San Sebastián, níbi tí ó ti lo ọdún mẹ́rin. Ní àsìkò 1997 sí 1998, ipò kẹta ni ẹgbẹ́ náà ṣe ní gbogbo Sípéènì.

Ní ti Nàìjíríà, ó wà nínú ikọ̀ tí ó gba Ife Áfíríkà ní Tùnísíà ní 1994. Ọdún yẹn náà ni ó bá wọn wá sí Amẹ́ríkà yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí a dé Ife Àgbáyé, tí Ítálì já wa kulẹ̀ nítòsí Boston nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí á borí. (Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá níbẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.) Ṣùgbọ́n nígbà tí a gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Athens tí ó wà lápá ibí yìí, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ 1996, Mutiu kò sí níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré tí ó ti ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ ni òfin gbà, kò sì sí lára àwọn mẹ́ta náà.

Ẹ wá bá mi dé ìlú Nantes ní ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà 1998. Nàìjíríà àti Sípéènì ni. Ó ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́jọ tí Mutiu ti ń jẹun ní Sípéènì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ti ń wá. Fernando Hierro, tí ó wà ní Real Madrid nígbà tí Mutiu wà ní Castilla, ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa ní ìṣẹ́jú 21. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, Mutiu fò sókè, ó fi orí kàn án, ó wọlé! Lẹ́yìn ìsinmi, Raúl tún fi ẹyọ kan ṣíwájú fún wọn. Garba Lawal wá gbá tirẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, Zubizarreta tí ó ń ṣọ́lé fún wọn sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í wọlé. Oliseh fi ẹ̀kẹta parí rẹ̀ láti òkèèrè. 3-2. Ìyà ọjọ́ náà kò tán lára Sípéènì, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti padà sílé. Nígbà tí Ife náà parí, Mutiu padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Sípéènì kan náà, ó sì tún lo ọdún méjì sí i níbẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí nílé, ọmọ kan sì bi mí pé: "Ṣé kò burú kí ó gbá góòlù sí àwọn tí wọ́n ń fún un lówó?" Mo ní rárá. Iṣẹ́ San Sebastián ni wọ́n ń sanwó fún, ó sì ń ṣe é. Aṣọ Nàìjíríà ni ó wọ̀ ní Nantes, ó ṣe tibẹ̀ náà. Ìbéèrè yẹn ṣì ń bọ̀ wá bá ẹ̀yin ọmọ wa, ó tilẹ̀ le ju ti Mutiu lọ. New York ni wọ́n bí Fọlárìn Balógun sí, ó dàgbà ní London, Amẹ́ríkà ni ó sì yàn ní 2023. Adémọ́lá Lookman, tí wọ́n bí sí London, gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ England kí ó tó yan Nàìjíríà ní 2022, òun sì ni agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tí ó dára jù lọ ní 2024. Èmi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ̀yin òbí ni mo fẹ́ bá wí díẹ̀: bí a kò bá sọ ìtàn ilé fún àwọn ọmọ, tí a kò bá sọ èdè náà sí wọn létí, kí ni wọn yóò fi yàn?

Lẹ́yìn San Sebastián, ìrìn-àjò kò tán. Ó padà sí Saudi Arébíà, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Al-Ittihad. Ó dé Salamanca. Nàìjíríà tún mú un lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà kẹta ní 2002, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Samsunspor ní ilẹ̀ Tọ́kì àti AEL Limassol ní erékùṣù Sáíprọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ẹrù láti Houston dé New Jersey kí ẹ tó dé DeKalb, ẹ mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ í pè.

Nígbà tí La Liga, àjọ tí ó ń darí líìgì bọ́ọ̀lù Sípéènì, sì ń wá ẹni tí yóò jẹ́ aṣojú wọn ní Nàìjíríà, Mutiu Adépọ̀jù tí ó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wọn ní Nantes ni wọ́n mú.

 Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ bọ́ aṣọ òkè yín fún màmá yín kí ẹ tó bọ́ sórí pápá o.