Ohun Róbótó tí Ó Wà ní Apá Mi

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, oníṣòwò aṣọ ní Ìta Fájì, bá ìpàdé àpapọ̀ sọ)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àrùn àtọ̀gbẹ, èyí tí a ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. N kì í ṣe dókítà. Aṣọ ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá àrùn yìí gbé, mo sì ń gún abẹ́rẹ́ insulin lójoojúmọ́.

Púpọ̀ nínú yín ti rí ohun róbótó tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá mi. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní oògùn ajé ni. Bí ó bá jẹ́ oògùn ajé ni, akápò wa ì bá ti rí i nínú ìwé ìfowópamọ́ mi! Ẹ̀rọ tí ń ka ṣúgà inú ara ni. Orúkọ rẹ̀ ni FreeStyle Libre 2; ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́ dé ọjà Yúróòpù ní 2014. Ó tó ìdérí ìgò mínírà. Okùn tín-ín-rín kan wà lára rẹ̀ tí ó wọ abẹ́ awọ, ibẹ̀ ni ó ti ń ka ṣúgà. Bí mo bá gbé fóònù mi sún mọ́ ọn, iye rẹ̀ yóò jáde. Bí ọjọ́ 14 bá pé, n ó yọ ọ́, n ó sì fi òmíràn.

Kí ni ó gbé mi dé ibẹ̀? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo gún abẹ́rẹ́ mi, oníbàárà pọ̀, n kò sì jẹun. Kò pẹ́, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, òógùn bò mí, mo ń sọ ìsọkúsọ. Àwọn ènìyàn ń da omi lé mi lórí. Ọmọdé kan tí ń ta mínírà ni ó ní kí n mu ọ̀kan, ojú mi sì là. Ṣúgà mi ni ó lọ sílẹ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ èyí: bí ó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, kí ènìyàn po ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi, kí ó mu ún, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ó tún un wò. Ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ọmọ mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́. Mo rí i pé bí mo bá jẹ ẹ̀bà títóbi, ṣúgà mi a fò dé 260. Bí mo bá bù ú kù, tí mo sì fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kún un, kì í tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rìn láti Ìta Fájì dé Ìdúmọ̀tà lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń wálẹ̀.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Omi abẹ́ awọ ni ó ń kà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ó ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀. Ní òru kan ó pariwo pé ṣúgà mi ti lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo gún ìka mi, 118 ni mo bá. Apá yẹn ni mo sùn lé! Bí ohun tí ẹ̀rọ wí kò bá bá ohun tí ara ń wí mu, ẹ gún ìka. Òógùn Èkó a sì máa tú u kúrò lára, nítorí náà mo ń fi báńdéèjì dè é.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2022, ìlànà ìlera wọn ní kí a fi irú ẹ̀rọ yìí lọ gbogbo àgbàlagbà tí ó ní oríṣi kìíní àrùn yìí. Àpò ara mi ni èmi fi ń rà á. Bí a bá lò ó yíká ọdún, 26 ni a ó rà. Nígbà tí mo béèrè ẹ̀yáwó fún un, wọ́n bi mí pé èrè wo ni àìsàn ń mú wá. Mo dá wọn lóhùn pé ẹni tí ó ṣubú sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ kò lè san gbèsè ẹgbẹ́.

N kò ní kí gbogbo wa máa lẹ ẹ̀rọ mọ́ apá. Oògùn àti ẹ̀rọ tí a fi ń gún ìka ni ó ṣáájú. Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ìgúnka kan àti bébà rẹ̀ ní olópò, kí a máa yẹ ara wa wò ní ìpàdé; kí ẹ̀yáwó pàjáwìrì kan ìtọ́jú àìsàn pẹ̀lú; kí ẹni tí ń gún insulin lè fi irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ ra ohun róbótó yìí, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, kí ó tó lọ rí dókítà rẹ̀. Mẹ́ta kì í ṣe 26.

Ní 1844, ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó ṣáájú wa nínú ìṣẹ́ alájẹṣẹ́kù da owó jọ, wọ́n fi ra ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà. Àwọn fi owó wọn ra ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí àwa fi tiwa ra ohun tí a ó fi máa wọn ṣúgà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.