Èéfín Tí À Ń Fà Símú Lọ́jà

 

Àwa tí à ń pàtẹ ní Eleko yìí, etí ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ la wà. Láti àárọ̀ ni tírélà àti dánfó ti ń tú èéfín sí wa lára. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á. Nírọ̀lẹ́, àwa fúnra wa á tún dáná sun ọ̀rá lẹ́yìn ìsọ̀.

Ọ̀rọ̀ ikọ́ nìkan kọ́ o. Eruku inú èéfín náà kéré débi pé ojú ò rí i. Ó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń dá kún ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018, nǹkan bí 11,200 èèyàn ló bá a kú láìtọ́jọ́ ní Èkó. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Irú àwọn tí à ń pọ̀n wá sọ́jà nìyẹn!

A ò lè dá tírélà dúró, àmọ́ ìṣáná tí a fi ń sun ọ̀rá, ọwọ́ wa ló wà. Ẹ jẹ́ ká kó ìdọ̀tí fún akólẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbi tí èèyàn wà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má dá a dúró torí pé ara yá. Ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ má fi àgbo nìkan lé e, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Owó tí à ń dá jọ nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹni tó bá ń mí dáadáa ló máa ná an.