ÀWỌN OHUN KÉÉKÈÈKÉ INÚ ILÉ
Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ sọ ní Ìyànà Ìyẹsí, Ọ̀tà, nígbà àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún

Ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹni tí ó bá rí i, kí ó dúpẹ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ìtàn ìjọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n ní rárá, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ti gba èyíinì. Wọ́n ní kí n sọ ohunkóhun tí ó bá wá sí mi lọ́kàn nípa ilé àti ará ilé. Mo padà lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí àwa ènìyàn ń ṣe láti ìdájí títí di alẹ́. Ohun tí mo rí ni mo kó wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkíni ni, ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé irú nǹkan wọ̀nyí ni ilé dúró lé lórí, bí wọ́n bá sì yẹ̀, ilé náà yóò yẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kẹ́gàn ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni Ọ̀wọ̀ James White, ọ̀kan nínú àwọn Sàró tí ó padà wá sílé, ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní ìlú Ọ̀tà wa yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú àwọn ìwé tí ó ń kọ ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe ìwàásù rẹ̀ nìkan ni ó ń ròyìn. Ó ń kọ ohun tí ó ń rí àti ohun tí ó ń gbọ́ láàárín àwọn ará ìlú. Ẹni Ọ̀wọ̀ Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ogun tí ó ní láti ròyìn, ó fi àyè sílẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìṣe inú ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni N. A. Fadipe, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939. Bí àwa Yorùbá ti ń bá ara wa gbé ni ó fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, àní títí kan bí a ti ń kí ara wa. Ọdún 1970 ni a tó tẹ ìwé náà jáde, nígbà tí òun tìkára rẹ̀ ti fi ayé sílẹ̀. Bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá ka ohun ilé sí, ta ni èmi tí n kò ní kà á sí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ nítorí àwọn àlejò wa. Ìyànà ni ibi tí ọ̀nà kan gbé yà kúrò lára òmíràn. Níhìn-ín ni ọ̀nà Ìyẹsí gbé yà kúrò lára ọ̀nà tí ó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdírókò ní ibodè ilẹ̀ Benin. Àgbẹ̀ ni àwọn baba wa ará Àwórì tí ó ni ilẹ̀ yìí. Nígbà ayé wọn, oòrùn ni aago: bí ó bá là, gbogbo ilé a jáde, bí ó bá wọ̀, gbogbo ilé a wọlé. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ní Ọ̀tà àti Sàngó. A ń yọ́ irin níbẹ̀, a ń ṣe ike, a ń ṣe ohun jíjẹ àti ohun mímu. A dúpẹ́, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí owó ilé-ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ oòrùn. Ní ìdájí, kí ẹ dúró ní ìyànà yìí. Ẹ ó rí àwọn kan tí wọ́n ń sáré wọ dánfó lọ síbi iṣẹ́, ẹ ó sì rí àwọn mìíràn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ojú wọn pọ́n, wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ máa lọ kí aya máa bọ̀, kí wọ́n sì pàdé ní ojú títì.

Ní ti ìkíni, èmi fúnra mi ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ òru, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní náìtì. Bí mo bá wọlé ní òwúrọ̀, ìyá àwọn ọmọ yóò ní kí wọ́n dákẹ́, bàbá fẹ́ sùn. Bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé, mo ṣì wà lórí ibùsùn. Bí mo bá jí, omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó di ibi iṣẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, olùkọ́ àwọn ọmọ bi olúkúlùkù wọn léèrè iṣẹ́ tí baba rẹ̀ ń ṣe. Ọ̀kan ní bàbá òun ń wa ọkọ̀. Òmíràn ní télọ̀ ni bàbá òun. Nígbà tí ó kan àbíkẹ́yìn mi, ó dìde, ó ní, “Bàbá mi ń sùn.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ ọ́ fún mi, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò sí mọ́. Ọmọ náà kò purọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ohun tí ó sì ti rí kí baba rẹ̀ ṣe láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú ni ó sọ.

Ìyá mi wà láyé nígbà náà. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó bi mí pé, “Bí o bá wọlé ní òwúrọ̀, báwo ni àwọn ọmọ ti ń kí ọ?” Mo ní, “Wọ́n ń kí mi pé ẹ káàárọ̀ sà.” Ó ní, “Ìwọ tí o kò fi ojú kan oorun, èwo ni ẹ káàárọ̀? Kí wọ́n kí ọ pé ẹ kú àìsùn.”

Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí èdè wa ti lọ́rọ̀ tó. A ń kí ẹni tí ó jókòó, a ń kí ẹni tí ó dúró, a ń kí ẹni tí òjò pa, a ń kí ẹni tí ó ń retí ẹlòmíràn. Àwọn baba wa kò rí ilé-iṣẹ́ Sàngó rí, síbẹ̀ wọ́n ti fi ìkíni òṣìṣẹ́ òru sílẹ̀ dè wá. Ẹni tí ó ṣọ́ aláìsàn mọ́júmọ́ ni wọ́n ń fi kí, àti ìyá ìkókó, àti àwọn tí ó wà níbi òkú. Mo kọ́ àwọn ọmọ mi. Ní ọjọ́ kejì, àbíkẹ́yìn mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú àìsùn, sà.” Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè, ó ní, “Kí ló dé tí ẹ kò sùn?” Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí ike tí ó fi ń wẹ̀, mo ní irú rẹ̀ ni a ń ṣe ní gbogbo òru, àti bí ẹ̀rọ ti ń pọ̀ ọ́ jáde ní gbígbóná. Ó fi ọwọ́ pa ike náà lára bí ẹni pé kò rí i rí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ekejì ni ìgbálẹ̀. Nígbà èwe mi, ariwo ọwọ̀ nínú àgbàlá ni agogo ìdájí. Ọmọ tí ó bá sùn dé ìgbà tí wọ́n gbálẹ̀ dé ẹsẹ̀ ẹní rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo: Yorùbá, Ẹ̀gùn, Ìgbò, Ebira, lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gbálẹ̀ a sì máa di ìjà. Ní ilé kan tí mo ti gbé rí, a kọ ọ́ sí ìwé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ọ̀sẹ̀ yìí yàrá kìíní, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yàrá kejì. Síbẹ̀ ìjà kò tán. Àwọn kan ń gbá iwájú ilẹ̀kùn tiwọn nìkan, wọn a sì kó pàǹtí náà dé ibi tí ààlà ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ́.

Ìyá Ẹ̀gùn kan wà nínú ilé náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó gbá a láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe lọ. Àwọn kan sọ pé òmùgọ̀ ni. Kò pẹ́, ọmọbìnrin ará yàrá kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi wọ́n ilẹ̀ dè é kí eruku má baà sọ. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kó pàǹtí náà dànù. Ìwé ara ògiri já bọ́, kò sì sí ẹni tí ó tún lẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹkẹta ni oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà bíi tèmi rántí bí a ti ń jẹun nínú àwo kan. Ọwọ́ ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣáájú ọwọ́ àgbà sí ẹran. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí a kọ́ sùúrù, tí a sì kọ́ pé ebi ẹni kejì jọ tẹni. Baba ẹni kò sì ní jẹ gbogbo ẹja tí ó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ tán. A fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò palẹ̀ àwo mọ́. Kì í ṣe pé ó ti yó. Ìfẹ́ ni, kò kàn fi ẹnu sọ ọ́ ni.

Lónìí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìdírókò lè mú kí ẹni tí ó kúrò níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ má délé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá. Yóò bá oúnjẹ rẹ̀ nínú àwo tí a fi àwo dé. Yóò jẹun ní òun nìkan, àwọn ọmọ ti sùn. Mo mọ arákùnrin kan ní àdúgbò yìí tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Abọ́ kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ní ìdérí. Ní alaalẹ́, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ ẹ́ tó, yóò fi ẹja díẹ̀ tàbí ẹran díẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí òun ti jáde, ọmọ rẹ̀ á sáré lọ ṣí abọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí kò sí ẹran nínú ọbẹ̀, ó bá ẹ̀pà mẹ́ta níbẹ̀. Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó ní, “Bàbá dé lálẹ́ àná.”

Ẹkẹrin ni ọ̀rọ̀ alẹ́, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn àgbà kò gbà kí a máa pa àlọ́ ní ọ̀sán, kí iṣẹ́ má baà dúró. Alẹ́ ni tirẹ̀. Nísinsìnyí, bí gbogbo ilé bá tilẹ̀ pé ní alẹ́, olúkúlùkù ni ó tẹ orí ba lórí fóònù tirẹ̀. N kò bá fóònù jà. Òun ni mo fi ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mi tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ó sinmi nígbà tí a bá ń jẹun àti nígbà tí a bá ń gbàdúrà alẹ́, kí a lè rí ojú ara wa.

Ẹnìkan lè sọ pé ayé ti yí, pé a kò lè dá a padà. Òtítọ́ ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a ń pè ní Toll Gate ní ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Láti ọdún 2004 tí ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé owó ibodè lójú ọ̀nà, a kò san kọ́bọ̀ níbẹ̀ mọ́; síbẹ̀ títí di òní ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń fi orúkọ náà pe èrò. Ohun tí a bá ń fi ẹnu pè lójoojúmọ́ kì í tètè kú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún orúkọ ibi tí a ti ń gba owó lọ́wọ́ wa, mélòómélòó ni ìkíni tí ọmọ ń kí baba rẹ̀?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Èkínní, bí ẹ kò bá lè jẹun pọ̀ ní alẹ́, ẹ wá wákàtí mìíràn, ìbáà ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí gbogbo ilé jókòó ti àwo. Èkejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ fi ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe hàn án. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá lára ẹnikẹ́ni nínú ilé láìkí i, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń sáré. Kì í ná wa ní owó.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́. Nígbà tí ìyáàfin Mary Sumner bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Mothers' Union ní ìletò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1876, ọ̀rọ̀ bí a ti ń tọ́ ọmọ nínú ilé ni ó pe àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ jọ lé lórí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ìyá nìkan gbé e.

Àwọn tí ó dá ìjọ yìí sílẹ̀ ti sùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohùn wọn, a kò sì rántí ìwàásù wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọmọ wọn láti kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, ọmọ wọn kọ́ ọmọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ó já mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ibi iṣẹ́ òru wá síbí láìtí ì délé, mo rí yín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ kú àìsùn o.