Nọ́ńbà Ni Kíbọ́ọ̀dù Ń Rán, Àwa La Ni Lẹ́tà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Ará, Èjìgbò àti agbègbè wọn

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò gùn. Kíbọ́ọ̀dù tí a fi ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè kankan. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Faransé, kò sì gbọ́ Yorùbá. Nọ́ńbà ló ń rán. Ẹni tó bá mọ èyí yóò rí i pé a kò ní láti bẹ ilé-iṣẹ́ kankan lókè òkun kí ẹ, ọ àti ṣ tó rọrùn láti tẹ̀. Iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ibi méjì ló wà: apá kan wà nínú kíbọ́ọ̀dù, apá kejì wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá gbé iṣẹ́ ọ̀kan fún èkejì, wàhálà lásán ni a ó ṣe.

Ohun tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù

Ẹ jẹ́ ká tú kíbọ́ọ̀dù Bluetooth kan palẹ̀, irú èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ká ní ó ní bọ́tìnnì 60. Bí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bá ní wáyà tirẹ̀, wáyà 60 ni yóò wọ inú ṣíìpù. Àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n a tò wọ́n ní ìlà 5 ní ìbú, ìlà 12 ní òró, wáyà 17 a sì tó. Ṣíìpù a rán iná sí ìlà kan, a wo ibi tó ti jáde, a bọ́ sí ìlà kejì, láìsinmi. Díódù kékeré kan wà lẹ́bàá bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kí iná má bàa gba ẹ̀yìn padà. Bí kò bá sí díódù, tí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà ní igun mẹ́ta pọ̀, ṣíìpù lè rí ìkẹrin tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀.

Ṣíìpù tí ọ̀pọ̀ irú kíbọ́ọ̀dù yìí ń lò ni nRF52840, tí ilé-iṣẹ́ Nordic Semiconductor ti Norway ṣe. Ó ní ààyè ìkó-nǹkan-sí tó tó megabyte 1, rédíò Bluetooth sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ètò tí a kọ sínú ṣíìpù yìí, tó ń darí gbogbo ìṣe rẹ̀, ni à ń pè ní firmware. Èyí tó gbajúmọ̀ fún kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà ni ZMK, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì láṣẹ láti tún un kọ.

Iṣẹ́ firmware pọ̀. Nígbà tí irin bá kan irin lábẹ́ bọ́tìnnì, wọ́n a máa gbọ̀n kí wọ́n tó dúró. Bí firmware kò bá ní sùúrù, ẹni tó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan yóò rí lẹ́tà mẹ́ta. Nítorí náà, firmware a dúró bíi ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó gbà pé òótọ́ ni. Òun náà ló ń ṣọ́ bátìrì. Bluetooth tó ń jẹ iná díẹ̀, tó jáde ní 2010 nínú Bluetooth 4.0, a máa sùn láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì. Bí ọwọ́ kò bá kan kíbọ́ọ̀dù fún ìgbà díẹ̀, firmware lè mú ṣíìpù sùn pátápátá. Níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, àǹfààní ńlá nìyẹn. Òun náà ló ń pa ọ̀rọ̀ mọ́: ní ìgbà tí kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ mọ ara wọn, wọ́n a dá kọ́kọ́rọ́ àṣírí sílẹ̀, kí ẹni tó jókòó nítòsí má bàa ka ọ̀rọ̀ aṣínà yín láti inú afẹ́fẹ́.

Ohun tó ń rán

Nígbà tí gbogbo èyí bá parí, kí ni kíbọ́ọ̀dù ń fi ránṣẹ́? Báìtì 8 péré. Èkíní ń sọ bóyá Shift, Ctrl tàbí AltGr wà nílẹ̀. Èkejì ṣófo. Mẹ́fà tó kù ń sọ bọ́tìnnì tí a tẹ̀. Bọ́tìnnì A ní 4, E ní 8, O ní 18, S ní 22. Bí mo bá di AltGr mú tí mo tẹ E, 64 ni yóò wà ní báìtì kìíní, 8 ní ìkẹta, òdo ní gbogbo ìyókù.

Bí àrokò ló rí. Ẹni tó di owó ẹyọ ránṣẹ́ kò fi ohùn sínú ìdì náà. Ẹni tó gbà á ló mọ ohun tí iye rẹ̀ ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Abidjan dé mọ èyí jù mí lọ. Bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tab, Q ni a kọ sí i lára níbí. A ni wọ́n kọ sí i lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà 20 ni méjèèjì ń rán. Kọ̀ǹpútà tí a ṣètò fún Gẹ̀ẹ́sì a kọ q, èyí tí a ṣètò fún Faransé a kọ a. Ẹni tó bá gbé kíbọ́ọ̀dù láti Abidjan wá sí Èjìgbò, tí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tiwa, yóò rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Àtẹ lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, tó ń sọ nọ́ńbà di lẹ́tà, ló yàtọ̀. Bí Faransé bá lè ní àtẹ tirẹ̀ lórí nọ́ńbà kan náà, kí ló lè dí Yorùbá lọ́wọ́?

Níbi tí Yorùbá ti yẹ kó wà

Àwọn kan ti ṣáájú wa. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-I ṣe àtẹ Yorùbá fún kọ̀ǹpútà. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName gbé tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ LANCOR ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin fún àwọn èdè Nàìjíríà, ó sì fi bọ́tìnnì Shift kún un. Ní 2007, ó pe àjọ One Laptop Per Child lẹ́jọ́ ní Èkó pé wọ́n jí ọgbọ́n rẹ̀ lò. Windows ní àtẹ Yorùbá, Linux náà ní. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn àtẹ wọ̀nyí kò bá ara wọn mu. Ìka tó mọ ibi tí àmì wà lórí èyí yóò ṣìnà lórí ìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan a ní: kí ló dé tí a kò kọ ọ̀ sínú firmware gan-an? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò dúró. Lórí Linux, firmware lè tẹ Ctrl, Shift àti U, kó tẹ 1ecd tẹ̀ lé e, kí ọ sì jáde. Ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́ lórí Windows, ti Mac tún yàtọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tó ń sọ Yorùbá nínú ilé yóò ya odi ní ilé-ìwé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí lẹ́tà wà nínú àtẹ, kí ìrọ̀rùn wà nínú firmware. Yorùbá kò béèrè púpọ̀: ẹ, ọ, ṣ, àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Lẹ́tà a ṣáájú, àmì a tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ohun márùn-ún tó gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí firmware gbé márùn-ún yìí sábẹ́ ìka tó yá jù, kí bọ́tìnnì kan ṣoṣo rán AltGr àti E pọ̀ bí àtẹ bá fi wọ́n kọ ẹ, kí òǹkọ̀wé má fi ọwọ́ méjì wá ẹ mọ́.

Ohun tí mo ń béèrè

Èkíní, kí àwọn olùkọ́ Yorùbá, àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà fẹnu kò sórí àtẹ kan. Èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí kíbọ́ọ̀dù tó rẹwà lórí àtẹ tí kò fìdí múlẹ̀ kò ní pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì, kí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ní ọgbà ní Èjìgbò, àti àwọn ilé-ìwé girama wa pe àwọn tó ń tún fóònù ṣe sí kíláàsì. Ẹni tó lè jó léèdì sí abẹ́ fóònù láìba ohunkóhun jẹ́ lè to díódù 60. Ọgbọ́n ọwọ́ wà nílẹ̀. Ìmọ̀ firmware ni ká fi kún un.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ tó bá kọ́ ọ má fi mọ sí títẹ̀ nìkan. Kí ó ṣí ètò náà, kí ó kà á, kí ó yí i padà. Ẹni tó mọ ìdí tí 8 fi di ẹ kò ní gbà mọ́ pé èdè rẹ̀ ni kò bá ẹ̀rọ mu.