Ǹjẹ́ Ọmú Tó Ọmọ Yìí? Ọ̀rọ̀ fún Ìyá àti Bàbá Ọmọ Ìkókó

Bísímíláhì Ráhámánì Ráhíìmù.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tó dá ọmọ sínú ìyá, tó sì ti pèsè oúnjẹ rẹ̀ sí àyà ìyá kí ó tó wáyé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ánábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn sàábé rẹ̀.   

Lọ́dọọdún, bí Rámàdáánì bá ti wọlé, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ìyá ọmọ tó ń wá gbọ́ wáàsí lọ́dọ̀ wa ní Ẹnuwá níbí. Wọ́n á ní: “Àfáà, mo ń gbààwẹ̀, mo sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ ń ké ṣáá. Ṣé ọmú mi tó o? Ṣé kí n fi mílíìkì agolo kún un? Mélòó ni kí n máa fún un?” Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí ẹ̀mí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí Ọlọ́hun là kalẹ̀. Nínú Súúrátúl-Bákárà, áyà 233, Ọlọ́hun fi yé wa pé ọdún méjì gbáko ni ìyá tó bá fẹ́ pé ìfúnnilọ́mú yóò fi fún ọmọ lọ́mú. Nínú áyà yìí kan náà ni Ó ti gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá náà lé bàbá ọmọ lọ́rùn, bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi ọmọ ni ìyá lára, kí wọ́n má sì fi ọmọ ni bàbá lára. Bí àwọn méjèèjì bá sì fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí o, ẹ̀yin ará wa: ọ̀rọ̀ ọmú ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Ẹni mẹ́ta ni Ọlọ́hun dárúkọ níbẹ̀: ìyá, bàbá àti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí ojú wa rí. Ìyá ọmọ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ó bí ọmọkùnrin làǹtì-lanti. Wọ́n sọ fún un nílé pé ọmú rẹ̀ kò tó, ó sì bẹ̀rẹ̀ mílíìkì agolo. Nígbà tó yá, owó agolo wọ́n. Ohun tó ṣe ni pé, níbi tó yẹ kó bu ṣíbí mẹ́fà sí omi, ó ń bu mẹ́ta, kí agolo lè pẹ́. Ọmọ ń mu, ikùn ń kún, ọmọ ń sùn. Gbogbo wa ń yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ìgbà tí ọmọ pé oṣù méjì tí wọ́n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọjọ́ tí wọ́n bí i lọ. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ jẹ́jẹ́. Ebi ló rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lágbára láti ké mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun pé wọ́n tètè rí i, ara ọmọ sì padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n a kò lè dá ìyá yẹn nìkan lẹ́bi. Àwa náà jẹ, a mu níbi ìsọmọlórúkọ, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó bi í pé kí ni ọmọ ń mu, ta ló sì ń sanwó rẹ̀.

Wàyí o, mélòó ló tó ọmọ? Ẹ jẹ́ kí á mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ọmọ tó ń mu ọmú. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni Ọlọ́hun fún ní òṣùwọ̀n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ dáyé, bíi ṣíbí tíì kan péré ni ikùn rẹ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó máa ń pọ́n rúsúrúsú, fi kéré. Àwọn ìyá àgbà wa máa ń ní kí á fún un dànù, wọ́n ní ó dọ̀tí. Kò dọ̀tí rárá. Ó kún fún ohun tó ń dá ààbò bo ọmọ lọ́wọ́ àìsàn. Kí á gbé ọmọ sọ́mú láàárín wákàtí àkọ́kọ́ tí wọ́n bí i. Lẹ́yìn náà, kí á máa fún un nígbàkúùgbà tó bá fẹ́, lọ́sàn-án lóru. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ń mu láàárín wákàtí 24. Kí á má dúró dìgbà tó bá figbe ta. Bí ó bá ń yí orí kiri, tó ń la ẹnu, tó ń mu ọwọ́, ebi ló ń pa á nìyẹn. Ọmú tí ọmọ bá ń mu dáadáa ni omi ọmú ń pọ̀ sí nínú. Bí a bá fi agolo gba ipò rẹ̀ láìnídìí, ọmú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, a ó wá ní “ṣé ẹ rí i, mo sọ pé kò tó.” Àwa la gbẹ ẹ́!

Èkejì, ọ̀rọ̀ omi. Nínú 100 ìpín omi ọmú, bíi 87 ló jẹ́ omi. Nítorí náà, bó ti wù kí oòrùn mú tó, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi, kò nílò àgbo, kò sì nílò gúlúkóòsì. Ọmú nìkan ṣoṣo fún oṣù mẹ́fà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ láti 2001. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, kí á fi ògì tó ki, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja kún ọmú, kí ọmú sì máa bá a lọ títí dé ọdún méjì tí Ọlọ́hun dárúkọ.

A tún bẹ ẹ̀yin ìyá wa àgbà: ẹ dákun, ẹ fi rírọ ọmọ sílẹ̀. Kí á tẹ́ ọmọ sórí itan, kí á fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, kí á di imú rẹ̀ kó lè gbé àgbo tàbí ògì mì, ewu ńlá ni. Ohun tí a ń rọ lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, kó sì pa á. Ọmọ tó bá yó á yí ẹnu kúrò. Ó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó tó? Ẹkún nìkan kọ́ ni ẹ̀rí, nítorí ooru lè pa ọmọ kó ké, inú lè run ún kó ké. Ẹ wo ìlédìí rẹ̀. Láti bí ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kí ọmọ tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà ó kéré tán lójúmọ́, kí ìtọ̀ náà má sì pọ́n. Ẹ̀rí tó tún lágbára ju ìyẹn lọ ni ìwọ̀n. Ọmọ máa ń fọn díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kó ti padà sí ìwọ̀n ọjọ́ ìbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ tó ń jẹun dáadáa á máa fi bíi gíráàmù 150 sí 200 kún un lọ́sẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọgbọ́n òkèèrè lásán ni ìwọ̀n yìí. Ìtòsí wa níbí ni iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ ti wáyé. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley dé ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì ń fi àmì ìwọ̀n náà sórí káàdì tí ìyá ọmọ ń tọ́jú lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí ìlà bá ń gòkè, ọkàn ìyá balẹ̀. Bí ìlà bá dúró tàbí tó bá ń wálẹ̀, a ti mọ̀ kí àìsàn tó wọlé. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì yìí ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé kan. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fi kọ́ aráyé! Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí àwa tí a wà ní Ifẹ̀ ju káàdì ọmọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Ẹ̀kẹrin, ọmọ tó jẹ́ pé mílíìkì agolo ló ń mu. Àwọn ìdí kan lè wà: ìyá lè ṣàìsí, àìsàn lè wà tí dókítà sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìsìláàmù kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀; Ánábì wa gan-an, Halima ló fún un lọ́mú. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìlera ń lò, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ni bíi mílílítà 150 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí ọmọ bá wọn kílò mẹ́rin, 600 nìyẹn. Bí a bá pín in sọ́nà mẹ́jọ, ó jẹ́ 75 lẹ́ẹ̀kan. Ìtọ́sọ́nà ni o, kì í ṣe dandan. Ọmọ kan á mu jù bẹ́ẹ̀, òmíràn á dín in. Kí á má fi ipá mú un mu àjẹkù.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń pò ó ni kí á má fi ṣeré. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo, ẹ lo ṣíbí inú agolo náà gan-an, kí ó kún déédéé, kí ẹ sì gé orí rẹ̀. Ẹ má dín in nítorí owó, ẹ má sì fi kún un kí ọmọ lè sanra. Kí omi hó, kí ọwọ́ àti ife mọ́. Ife rọrùn láti fọ̀ ju fídà lọ. Èyí tí ọmọ bá mu kù, ẹ dà á nù. Mílíìkì tí a ń dà sínú tíì kì í ṣe ti ọmọ ìkókó rárá.

Ọmọ tí kò bá lè mu ọmú mọ́, tó ń sùn láìṣeé jí, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọnú, tí kò tọ̀, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ọsibítù ló kàn lójú ẹsẹ̀. Kí á má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ó wà nínú hádíìsì pé Ọlọ́hun ṣe ìdẹ̀kùn ààwẹ̀ fún aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ìyá tó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀, tí ojú ń ṣú u, tó rí i pé ìtọ̀ ọmọ dín kù, kó ṣínu. Kó bi àfáà rẹ̀ bí yóò ṣe san án padà. Kò ja Ọlọ́hun lólè. Ẹ̀bùn Ọlọ́hun ló gbà. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má ṣe fi ojú burúkú wo ìyàwó tó jẹun lọ́sàn-án Rámàdáánì nítorí ọmọ yín.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ọ̀dọ̀ yín la ó parí rẹ̀ sí. Bí agolo bá pọn dandan, ẹ ṣírò iye tí ọmọ á mu lóṣù, ẹ má ju owó agolo kan sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Bí ọmú ni ọmọ ń mu, oúnjẹ ìyá ni agolo tiyín: ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́, omi tó pọ̀. Ẹ tẹ̀lé e lọ síbi ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo káàdì yẹn fúnra yín. Ohun tí a ó bi yín lé lórí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ kò mọ sórí ìrun àti ààwẹ̀ nìkan.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Kí Ó bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí Ó fún àwọn àgàn lọ́mọ, kí Ó fi ọ̀nà àtijẹ han àwọn bàbá, kí Ó sì fi ara líle jíǹkí àwọn ìyá. Àmín, yáà Rábí.