Irun Orí Ìyá Wa

Gidan Igwai níbí ni mo ti ń sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo fẹ́ di irun fún ọmọ-ọmọ mi. Mo ní, "Ṣé ṣùkú ni kí n ṣe fún ẹ?" Ó wò mí títí. Ó ní, "Màmá, kitso ni mo fẹ́." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Kitso ò burú o. Èdè ibi tá à ń gbé ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò mọ̀ pé irun náà ní orúkọ nílé wa.

Ìyẹn ló rán mi létí bàbá ayafótò kan, J.D. 'Okhai Ojeikere. Ọmọ Emai ni, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Kì í ṣe Yorùbá. 1930 ni wọ́n bí i. Ó ra kámẹ́rà ní 1950, nígbà tó di 1954, ó ríṣẹ́ ìjọba n'Ìbàdàn, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fótò. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin. Ó ya bí ẹgbẹ̀rún kan kó tó kú ní 2014. Tam Fiofori, tí òun náà ya fótò tó sì ṣe fíìmù nígbà ayé rẹ̀, ṣe fíìmù nípa rẹ̀.

Ẹ wá wo ọgbọ́n bàbá yìí. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà. Ẹ ò ní rí ojú, irun nìkan lẹ ó rí. Ó sì ń tọ́jú orúkọ rẹ̀. Ṣùkú wà níbẹ̀. Onílé gogoro wà níbẹ̀, nígbà tí ilé gíga ń yọ l'Ékòó. Ohun táwọn ìyá wa rí láyé ni wọ́n gbé lé orí. Àmọ́ irun tá a dì lónìí, a ó tú u tó bá yá. Fótò nìkan ni kì í tú.

Fótò ìyá mi kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Irun orí rẹ̀ rẹwà, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Àǹtí mi ló dì í. Ọdún mélòó ni mo fi bá a gbé, mi ò bi í. Ó ti lọ báyìí. Ta ni mo fẹ́ bi?

Ẹ jọ̀ọ́, lálẹ́ yìí, ẹ gbé fótò àtijọ́ kan jáde. Ẹ bi àgbà tó wà nílé: ta nìyí, ìlú wo, irun wo? Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ fi síbí, ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n.

Ọmọ-ọmọ mi? Mo di ṣùkú fún un, mo ya ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ó ní kí n kọ orúkọ méjèèjì síbẹ̀, ṣùkú àti kitso. Mo kọ ọ́.